Ẹsasáìsì nílé àbí jíìmù? Àwọn ìbéèrè tó ń wá léraléra àti ìdáhùn wọn

Ṣé ẹni tó ń ṣe ẹsasáìsì nílé lè lágbára bí ẹni tó ń lọ jíìmù?

Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ jù nínú wa. Ara ò mọ̀ bóyá pálọ̀ lẹ wà àbí ibi tí wọ́n to irin sí, ohun tó mọ̀ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun yìí le ju èyí tó ti mọ́ òun lára lọ, ló bá ń múra sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀. Tí iṣẹ́ yẹn bá ń le sí i díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń ṣe é láì dá a dúró, iṣan á le, èémí á gùn, ẹ ò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gbé irin tó wúwo gan-an bíi tàwọn tó ń díje, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ara yín tóbi kó yọ gbàǹgbà bíi tàwọn tó ń ṣe bodybuilding, ìyẹn le díẹ̀ láti ṣe nílé. Àmọ́ kẹ́ ẹ lè gun àtẹ̀gùn láì mí gúlegúle, kí ẹ̀yìn má máa dùn yín, kí aṣọ tún máa wọlé sí yín lára, ilé tó, ó tún ṣẹ́kù.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó lọ́sẹ̀?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde ní 2020. Wọ́n ní kí àgbàlagbà ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nínú èyí tó mú ara gbóná níwọ̀nba bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, tàbí 75 sí 150 nínú èyí tó le bí eré sísá àti okùn fífò, ẹ sì lè pa méjèèjì pọ̀. Lórí ìyẹn, ó kéré tán ọjọ́ méjì fún èyí tó ń fún iṣan lágbára. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni tiwọn.

Ẹ má jẹ́ kí 150 yẹn bà yín lẹ́rù o, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 péré ni, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́wàá láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́, ó wọlé. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó le tó rèé: tẹ́ ẹ bá ṣì lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ò lè kọrin, ìwọ̀nba nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta mẹ́rin lẹ lè sọ kẹ́ ẹ tó tún mí, ó ti le nìyẹn.

Mi ò ṣe ẹsasáìsì rí, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú nǹkan márùn-ún péré, ẹ má tíì wo fídíò àwọn tó ń fò sókè fò sódò. Ẹ jókòó sórí àga kẹ́ ẹ dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan, squat yín nìyẹn. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ nawọ́ tì í, ẹ ká apá títí àyà yín fi sún mọ́ ọn, ẹ tì í padà, press-up nìyẹn. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìbàdí sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ̀yìn yín gún, kẹ́ ẹ fa kẹ́ẹ̀gì omi wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà yín. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró gbọnrangandan fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, plank ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 8 sí 12, ẹ sinmi, ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi kan máa wà láàárín, àwọn ọjọ́ tó kù ẹ máa rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é débi tó máa rẹ̀ yín tẹnutẹnu. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ẹ̀ ṣe é lọ́jọ́ Monday, tó bá máa fi di Wednesday kò ní lè jókòó lórí ṣáláńgá láì di ògiri mú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa á tì.

Ṣé dandan ni kí n ra dọ́mbẹ́ẹ̀lì?

Rárá. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tẹ́ ẹ ti lò tán, tẹ́ ẹ bá pọnmi kún un, kílò 5 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tẹ́ ẹ fi ń gbé omi wálé jẹ́ kílò 25, ẹni tó lè gbé méjì ẹ̀ rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin láì sọ ọ́ kalẹ̀ ti ṣiṣẹ́ gidi. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ní ogún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, kílò 10 ni, ẹ kó o sínú báàgì ìléèwé kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn ṣe squat. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú omi ni pé ẹ lè fi ife kan kún un lọ́sẹ̀ yìí, ife kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dọ́mbẹ́ẹ̀lì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì yẹn ò tíì sán o, ẹ má sì gbé nylon omi sókè orí.

Ibi tí ilé ti máa ń kù díẹ̀ káàtó ni nǹkan fífà. Press-up ń lo àyà àti apá, squat ń lo itan àti ìdí, ẹ̀yìn ò wá rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe. Nítorí náà tówó bá wà, ẹ kọ́kọ́ ra rọ́bà gígùn tí wọ́n ń pè ní resistance band, ẹ so ó mọ́ irin bọ́gílárì ojú fèrèsé tó dúró ṣinṣin kẹ́ ẹ máa fà á. Ẹni tó bá rí irin tàbí ẹ̀ka igi tó lágbára tó lè fà ara ẹ̀ gòkè lórí ẹ̀, ó ti kúrò nínú ìṣòro yẹn pátápátá.

Òkè ilé alájà ni mo wà, ẹni ìsàlẹ̀ ń bínú tí mo bá ń fò, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fò mọ́. Fífò ò pọn dandan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn ká orúnkún sílẹ̀ kẹ́ ẹ dìde, ẹ máa gun àpótí tàbí àtẹ̀gùn kan sókè sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ squat di èyí tẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sọ̀kalẹ̀. Òógùn á já, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Mo ń rìn gan-an, mo tún ń ṣiṣẹ́ ilé, ṣé ìyẹn ò tó?

Ó wà nínú ẹ̀. Ìlànà WHO yẹn ka iṣẹ́ òòjọ́, iṣẹ́ ilé àti ìrìnnà mọ́ ọn, nítorí náà ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá láti búsítọ́ọ̀pù délé lójoojúmọ́, tó ń gún iyán, tó ń fọwọ́ fọ aṣọ, ó ti ní nǹkan nílẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ pé iṣẹ́ ń pa òun, ìjókòó ló ń pa á. Ẹni tó jókòó ti ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè rẹ̀ gan-an kó má sì tíì mí kíákíá lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni dírẹ́bà tó wà nídìí ọkọ̀ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Àárẹ̀ àti ẹsasáìsì ò jọra. Fún irú wọn, ìrìn ìṣẹ́jú 30 àti ọjọ́ méjì tí wọ́n á lo iṣan dáadáa ló kù.

Sit-up mélòó ni kí n máa ṣe kí ikùn mi tó lọ?

Kò sí iye tó lè gbé e lọ. Ara kì í mú ọ̀rá láti ibi tẹ́ ẹ ń lò nìkan, ibi tó bá wù ú ló ti ń mú un. Sit-up á mú iṣan ikùn le lábẹ́ ọ̀rá yẹn, ọ̀rá náà á ṣì jókòó síbẹ̀. Oúnjẹ tó dín kù díẹ̀, mínírà tó dín kù, bíà tó dín kù, ìrìn, àti ẹsasáìsì tó ń lo itan, ìdí àti ẹ̀yìn, àwọn yẹn ló ń gbé e.

Ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ fi yí ikùn yín ká kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ọkùnrin bá ti ju 94 cm lọ tàbí obìnrin ju 80 cm, ewu àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ti ń ga, tó bá wá ju 102 tàbí 88, ó ti ga gan-an. Wíwọn yìí ṣe pàtàkì ju ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ lọ.

Ṣé obìnrin tó bá ń gbé irin ò ní le bí ọkùnrin?

Rárá o. Hòmóònù testosterone tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi kéré jọjọ lára obìnrin, àwọn obìnrin tẹ́ ẹ ń rí tí ara wọn le gbandi yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ṣe é, àwọn míì sì tún lo oògùn sí i. Ohun tí gbígbé nǹkan wúwo ń ṣe fún obìnrin ni pé ó ń dáàbò bo eegun, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, tí eegun ń fúyẹ́ kíákíá. Ó dùn mí bí wọ́n ṣe máa ń lé àwọn ìyá wa kúrò nídìí irin pé kí wọ́n lọ máa jó Zumba nìkan. Ijó dáa, irin náà sì tọ́ sí wọn.

Kí wá ni jíìmù ní tí ilé ò ní?

Irin tó ń wúwo sí i lẹ́sẹẹsẹ, èyí jẹ́ àǹfààní gidi fún itan àti ìdí, torí àwọn iṣan yẹn lágbára débi pé kẹ́ẹ̀gì ò ní pẹ́ fúyẹ́ lójú wọn. Ẹ̀rọ fífà fún ẹ̀yìn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tún wà níbẹ̀, tó lè sọ pé ẹ̀yin yìí, ẹ̀yìn yín ti ń tẹ̀, ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀.

Èyí tó kù ni ti ọkàn. Nílé, ọmọ ń pè yín, iná NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ dé aṣọ wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ̀, àlejò kanlẹ̀kùn, ẹsasáìsì á sún di ọ̀la. Jíìmù, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti wọbẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo lẹ wá ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester, tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní December, mi ò lè bá yín jiyàn tẹ́ ẹ bá ní ibi tó móoru tó ní iná lẹ fẹ́. Ẹni tó bá mọ ara ẹ̀ pé òun ò lè dá nǹkan ṣe láì sí ẹni tó ń wo òun, kó lọ jíìmù tàbí kó wá alájọṣe kan ládùúgbò.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó jíìmù?

Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ilé tàbí ibi iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wo irin tó wà níbẹ̀. Jíìmù tó dáa jù tó wà lódìkejì gosìlóò, ẹ ò ní lọ. Ẹ lọ wò ó ní wákàtí tẹ́ ẹ máa lò ó gan-an, kó má lọ jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí èèyàn mẹ́fà ń dúró de àga kan. Ẹ béèrè bóyá gẹ́ńẹ́rétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ wo bóyá wọ́n ń nu orí àga, torí làpálàpá máa ń ran èèyàn níbi táwọn èèyàn ti ń fi òógùn pa ara nǹkan, ẹ mú táwẹ́lì tiyín dání.

Ẹ san ti oṣù kan ná. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá san ti ọdún kan, owó ẹ̀ máa dín kù, òótọ́ ni, àmọ́ tẹ́ ò bá tíì fi oṣù méjì ṣe nǹkan kan nílé láì dá a dúró, ẹ má san ti ọdún. Ẹ sì má dá dùbúlẹ̀ gbé irin wúwo sórí àyà láì sí ẹni tó dúró tì yín.

Fídíò YouTube àti app, ṣé wọ́n ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Àwọn míì dáa gan-an. Èyí tó ń fi èyí tó rọrùn han olùbẹ̀rẹ̀, tó ń ní kẹ́ ẹ sinmi, tó ń tẹ̀ síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ di ìyẹn mú fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Èyí tó bá ti ní ikùn á lọ láàárín ọjọ́ méje, ẹ ṣí i kọjá. Ẹ wà á sórí fóònù níbi tí Wi-Fi wà kí dátà má baà jẹ́ ìdí tẹ́ ẹ fi dúró, tẹ́ ẹ bá sì ti mọ̀ ọ́n sórí, ẹ pa fóònù tì, ìwé pélébé kan tẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ṣe sí wúlò jù ú lọ.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bà, àmàlà àti iyán sílẹ̀?

Ẹ ò ní láti fi í sílẹ̀, ẹ kàn dín òkìtì ẹ̀ kù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún inú abọ́. Ohun tó máa ń wọ́n nínú oúnjẹ wa ni protein tó ń tún iṣan ṣe. Fún ẹni tó ń gbé nǹkan wúwo tó sì fẹ́ kí iṣan dàgbà, nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ti tó, ẹni tó wọn kílò 70, bíi 112 nìyẹn. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ̀wà, ẹja tútù, ẹja títì, ẹ̀pà, wàrà, sóyà, adìyẹ, gbogbo ẹ̀ wà lọ́jà. Ẹ ò nílò powder inú ike tẹ́ ẹ bá ń jẹ àwọn wọ̀nyí.

Ara ń ro mí burúkú lọ́jọ́ kejì, ṣé kí n dúró?

Ríro tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, tó sì ń lọ fúnra ẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ó máa ń wá tí iṣẹ́ bá jẹ́ tuntun. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ sùn dáadáa, ẹ padà sí i pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré. Ìrora tó gún yín nínú oríkèé lójú ẹsẹ̀ yàtọ̀, ẹ dúró nìyẹn.

Tí ìtọ̀ bá wá dúdú bíi zobo, tí iṣan wú tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an, ẹran ara tó bàjẹ́ ń ya sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ó máa ń ṣe àwọn tó fi frog jump ọ̀pọ̀ ìgbà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àyà tó fún pinpin tàbí òòyì náà, ẹ má dúró wò ó.

Mo ti ń ṣe é láti oṣù mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ mọ́, ṣé àsìkò jíìmù ti tó?

Ó lè jẹ́ pé ohun kan náà lẹ ń ṣe láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ press-up 15 le, báyìí ẹ ń ṣe 15 yẹn ẹ tún ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ara ò rí ìdí tó fi máa yí padà. Press-up ní àtẹ̀gùn tiẹ̀: ògiri, lẹ́yìn ẹ̀ tábìlì, lẹ́yìn ẹ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ẹsẹ̀ lórí àga, lẹ́yìn ẹ̀ báàgì lẹ́yìn. Squat náà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sórí àga lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ fi èkejì nìkan sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rí i pé itan á gbọ̀n.

Ìwádìí ti fi hàn pé nǹkan fúyẹ́ lè mú iṣan tóbi bíi nǹkan wúwo, tẹ́ ẹ bá ṣe é títí tó fi kù díẹ̀ kíún kẹ́ ẹ má lè ṣe é mọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe squat ẹlẹ́sẹ̀ kan 30 pẹ̀lú báàgì tó kún, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ bá irin.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí SS, ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹsasáìsì wà lára ìtọ́jú ẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yín lọ, ẹ má di èémí mú tẹ́ ẹ bá ń gbé nǹkan, ẹ mí síta níbi tó le. Tó bá ti jẹ́ 180/110 lẹ bá lójú ẹ̀rọ, dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Àtọ̀gbẹ: ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kó má ṣe é láì jẹun, kó fi súìtì tàbí ṣúgà sápò. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kódà nínú ilé, kẹ́ ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀.

SS: níwọ̀nba, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bá dókítà yín sọ ọ́. Omi ṣáájú àti láàárín, ìsinmi léraléra, kò gbọdọ̀ jẹ́ nínú oòrùn tàbí òtútù ọyẹ́. Fún wọn ilé dáa ju jíìmù lọ lójú tèmi, torí kò sẹ́ni tó máa pariwo pé ó ku ọ̀kan sí i.

Mo lóyún tàbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ńkọ́?

Tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ò bá ní kẹ́ ẹ má ṣe é, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ níwọ̀nba wà fún aláboyún náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má máa pẹ́ lórí ẹ̀yìn, ẹ má sì ṣe èyí tẹ́ ẹ lè ti ṣubú. Ẹ̀jẹ̀, omi tó ń jò, òòyì, ikùn tó ń fún léraléra, ẹ dúró kẹ́ ẹ lọ ọsibítù. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, èyí tó le kó dúró di lẹ́yìn àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo ń gbààwẹ̀, ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ má dá a dúró, ẹ kàn sún un. Nínú Ramadan, ìrìn pẹ̀lẹ́ ṣáájú ìṣínu kò burú, èyí tó le ẹ ṣe é bíi wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣínu tẹ́ ẹ ti mu omi. Ẹ dín round kan kù. Ààwẹ̀ tí kò fàyè gba omi rárá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ sinmi.

Wọ́n ń ta oògùn fún mi ní jíìmù pé á mú mi tóbi kíákíá, ṣé kí n gbà á?

Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ creatine, ìyẹn ni wọ́n ti ṣèwádìí lé lórí jù, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́, ó ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín kó bi dókítà ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike náà.

Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí hóró tí kò ní orúkọ, tàbí tí wọ́n pè é ní steroid, ẹ má gbà á. Ó ń mú kí ara dẹ́kun àtiṣe testosterone tiẹ̀, kóró abẹ́ ń súnkì, àtọ̀ ń dín kù débi pé ọmọ lè di ìṣòro, ó ń ba ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó ń pa ọkàn lára, àwọn oníhóró ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Tí obìnrin bá lò ó, ohùn lè ki kó má padà mọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò náà ń pín HIV àti hepatitis B. Ẹni tó bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kó lọ bá dókítà kó tó já a sílẹ̀, kó mú ìgò tàbí páálí ẹ̀ dání, kó sọ iye tó lò gan-an.